Bí mo ṣe mú ọ̀dọ́ mẹ́ta wọnú iṣẹ́ Debian 13 ní Ìlọrin

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń ṣe, nílé mi ní Tanke, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ọdún 2025 ni mo tó rí ọ̀nà láti mú ẹlòmíràn wọnú iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ní kí ẹnì kan wá kún wa lọ́wọ́, yóò bi mí pé kí ni kí òun ṣe, n kì í sì í rí iṣẹ́ pàtó nà sí i.

Ètò ìtẹ̀jáde Debian ló là mí lójú. Ubuntu, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn tí wọ́n mú jáde lára Debian, ní oṣù tirẹ̀, oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ní ti Debian, ìgbà tó bá jinná ni wọ́n tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ó tó jinná, wọn yóò máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní freeze. Ti Debian 13 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, wọ́n fún un mọ́ra ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, àtúnṣe ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sáyè fún àlejò lásìkò náà. Èmi gbà pé ìgbà náà gan-an ni àyè wọn, nítorí pé iṣẹ́ tó kù ti ní ààlà: kí a gbé e sórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, kí a sì ròyìn ohun tí a rí.

Mo gba ẹ̀dà ìdánwò Debian 13 sílẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lóru nítorí owó dátà, mo kọ ọ́ sórí flash, mo sì pe akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti àbúrò mi kan láti Ọ̀fà pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn wá. Ti àbúrò mi kò gbéra rárá, nítorí pé irú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní bíìtì 32 ni, Debian 13 kò sì ní ìnstọ́là, ìyẹn ètò tó ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, fún irú rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, nítorí pé irú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Mo ní kí ó jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Iná lọ láàárín iṣẹ́ tiwọn, bátìrì kò sì ní agbára, ni wọ́n bá tún un bẹ̀rẹ̀.

Ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó kù yọrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́, kí ni mo tún fẹ́ kọ?” Mo sọ fún un pé ìròyìn ni èyí náà, pé ẹ̀ka tí Debian ń pè ní installation-reports ń gba ti rere àti ti búburú, kí àwọn tó ń ṣe ìnstọ́là lè mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ó kọ irú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣe tó, àti pé Wi-Fi rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìwá nǹkan kan kún un. Nítorí pé gbogbo ayé ló ń rí ìròyìn bẹ́ẹ̀, mo ní kí ó ṣí ímeèlì mìíràn fún un. A kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó fi reportbug, ètò tí a fi ń ròyìn fún Debian, rán an. Nígbà tí nọ́ńbà ìròyìn náà dé sí ímeèlì rẹ̀, ó dà á kọ sẹ́yìn ìwé àjákọ rẹ̀, ó sì fi í han àwọn tó kù. Nọ́ńbà yẹn ló fà wọ́n mọ́ra ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹjọ tí Debian 13 jáde, òun ló kọ́kọ́ pè mí: ó ti rí kọ̀ǹpútà mìíràn yá ní àdúgbò Challenge, ó sì fẹ́ kí n gbé flash náà wá.