Kí n tó rí lẹ́tà Bàbá Òfurufú kà

Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ni mo kó fún ọkùnrin kan tó ní kò sí ìwé Lárúbáwá tí òun kò lè kà. Iṣẹ́ tí mo gbé fún un ni pé kó ka àwọn lẹ́tà ilé wa tí wọ́n fi Àńjẹ̀mí, ìyẹn Yorùbá tí a fi ábídí Lárúbáwá kọ, kọ nígbà ogun Hitler, kó sì dà wọ́n kọ sí ábídí tí tọmọdé tàgbà ẹbí lè kà. Àdúà ló kó fún mi padà. Láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, "Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i." Kò sí ìròyìn, kò sí orúkọ ènìyàn, kò sí ọjọ́ oṣù. Òótọ́ ni pé alfa ni bàbá àgbà mi, àdúà kò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wo ni ọmọ rẹ̀ wà nílùú òyìnbó lásìkò ogun tí kò ní bi í bóyá ó ń jẹun? Owó náà dùn mí, irọ́ náà sì dùn mí ju owó lọ.

Àbúrò bàbá mi ló ni lẹ́tà. Bàbá Òfurufú ni gbogbo ilé wa ní Òkè Àpómù ń pè é. Ọdún 1943 ló wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn RAF. Kí ogun tó dé, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú sí i rárá, àfi ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ bá jẹ́ òyìnbó. Oṣù Ọ́kítóbà 1939, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tó gbé òfin yẹn tì. Nígbà tó fi di 1942, Peter Thomas, ọmọ Nàìjíríà, ti di ọ́físà láàárín wọn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó dé ipò náà. Bàbá Òfurufú kò di ọ́físà. Iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ló lọ kọ́ ní England, iṣẹ́ ẹni tó jókòó sínú bàlúù tó ń fi Morse, ìyẹn àmì tó ń dún kúkúrú àti gígùn, ránṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ń gba èsì.

Bàbá àgbà kò mọ A B D. Kéú ló kà. Ọmọ náà sì ti ka kéú kó tó wọ Middle School, nítorí náà Àńjẹ̀mí ni àwọn méjèèjì fi ń kọ̀wé síra wọn. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó kó gbogbo èyí tí bàbá rẹ̀ kọ sí i dání, ìyá rẹ̀ sì ti kó àwọn èyí tí ọmọ kọ wálé sínú àpótí. Bí ìbéèrè àti èsì ṣe wà pa pọ̀ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ilé mélòó ló ní irú rẹ̀ ní Ìlọrin? Mo ń fi í yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kíkó wọn jọ àti gbígba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí kò le. Fọ́tò wọn náà kò le, fóònù tí ojú rẹ̀ mọ́ àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀ ti tó. Ìbínú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo gbé àwọn ewé tó ti fẹ́ gbó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n fi ẹ̀rọ bá mi yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Kí n tó yíjú padà, ọmọ ibẹ̀ ti lámínéètì méjì nínú wọn, ó ní oore lòun ń ṣe mí, ó sì gba owó oore náà. Airgraph kan ṣoṣo tí a ní wà nínú méjèèjì!

Fọ́tò lẹ́tà ni airgraph. Èèyàn á kọ̀wé sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n á yà á sórí fíìmù tín-ín-rín, bàlúù á gbé fíìmù yẹn lọ, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ jáde sórí ìwé fọ́tò pélébé níbi tó ń lọ. Ọdún 1941 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí pé 1,600 lẹ́tà tí ì bá wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 23 lè wọ inú fíìmù tí kò ju nǹkan bí gíráàmù 150 lọ. Ṣé irú ìwé fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kó wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbóná? Ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ rọ́bà, igun rẹ̀ kan sì dúdú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lámínéètì ìwé àtijọ́ yín. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣí i, ojú ìwé ni yóò bá rọ́bà lọ. Ọpẹ́ ni pé fọ́tò rẹ̀ ti wà lórí fóònù mi kó tó débẹ̀.

Ti ẹni tó kà á ló gba gbogbo àsìkò mi.

N kò sọ pé ọkùnrin ọlọ́gọ́ta ẹgbẹ̀rún náà kò mọ Lárúbáwá. Ó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Lárúbáwá inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Káírò ni ojú rẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ àwọn alfa wa àtijọ́ yàtọ̀. Nínú ìwé tòde òní, fáà, tí í ṣe 'f' Lárúbáwá, ní tóótó kan lórí, qáàfù, tí í ṣe 'q', ní méjì. Nínú ìwé ọwọ́ àwọn bàbá wa, ìsàlẹ̀ ni tóótó fáà wà, qáàfù ló ní ẹyọ kan lórí. Gbogbo ibi tí bàbá àgbà mi kọ qáàfù sí ni ọkùnrin yìí kà sí fáà. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá àgbà mi a máa fi qáàfù kọ 'k' níbi púpọ̀. "Kọ̀wé" di "fọ̀wé," "kò" di "fò." Ẹni tó bá ka ìlà kan bẹ́ẹ̀, tí kò sì yé e, ó yẹ kó sọ pé kò yé òun. Òun fi àdúà dí i.

Ti qáàfù nìkan tilẹ̀ kọ́. Wọn kì í fi àmì ohùn sí Àńjẹ̀mí. Ọkọ obìnrin, ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀, bákan náà ni wọ́n rí lójú ìwé. 'E' àti 'ẹ' lè jẹ́ àmì kan náà, 'o' àti 'ọ' náà bẹ́ẹ̀. 'Gb' àti 'p' kò sí nínú Lárúbáwá, nítorí náà bí wọ́n bá ṣe kọ́ kálukú ní kéú ló ṣe ń kọ wọ́n. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Ìlọrin dáadáa, tí kò sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí bàbá ń bá ọmọ sọ, kò lè kà á, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó.

Ọjọ́ oṣù ló tú u fó. Mo mọ nọ́ńbà Lárúbáwá, mo sì rí i kedere ní ìsàlẹ̀ ewé kan: Rámádánì, 1362, ọdún Híjírà àwa Mùsùlùmí. Mo ṣírò rẹ̀, ó bọ́ sí Sẹ́ńtẹ́ńbà 1943. Kò sí i nínú ohun tó kọ fún mi. Mo wo ewé mìíràn, ọjọ́ wà níbẹ̀, òun kò kọ ọ́. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó wò mí lójú, ó ní bàbá àgbà mi ni kò mọ Lárúbáwá kọ. Ẹni tó kọ́ ọmọ adúgbò ní kéú títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀! Mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun ti ṣe iṣẹ́. Títí di òní, n kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Mo gbìyànjú ibòmíràn. Ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n fi ojúlówó lẹ́tà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kí n máa lọ, àwọn yóò pè mí. Mo kó ẹrù mi. Ẹlòmíràn gbà á tayọ̀tayọ̀, oṣù ń gorí oṣù, kò gbé fóònù mọ́. Ó sú mi débi pé mo fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí.

Bàbá alfa kan ní Òkè Ìmàle ló yọ mí. Ojú rẹ̀ kò dá mọ́, ó ní kí n lọ tẹ ewé kọ̀ọ̀kan tóbi wá. Nígbà tí mo gbé e dé, kò kọ́kọ́ kà á.

"Níbo ni ẹni yìí ti kéú?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé báyìí ni yóò ṣe máa kọ 'gb' rẹ̀." Ó fi ìka hàn mí, ó sì tọ̀nà.

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ńṣe ló ń kà á sókè, yóò gbé ohùn kan, yóò gbé òmíràn, títí ìlà náà yóò fi di ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ. Mo tan fóònù, mo ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ewé Rámádánì 1362 tó di àdúà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: lẹ́tà rẹ karùn-ún kò dé, ìkẹfà ló dé, ìyá rẹ kò sùn, ṣé wọ́n ń fún ọ ní oúnjẹ tó tọ́ sí Mùsùlùmí? Wọ́n ń fi nọ́ńbà sára lẹ́tà kí wọ́n lè mọ èyí tó sọnù. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó lẹ́tà láàárín Liverpool àti Èkó, kí rélùwéè tó gbé e dé Ìlọrin, àwọn Jámánì sì ti ri àwọn ọkọ̀ tó ń jẹ́ Accra àti Apapa lọ́dún 1940, Adda lọ́dún 1941, Abosso lọ́dún 1942. Ọkọ̀ tí gbogbo ará Èkó mọ̀ ni wọ́n.

Nínú lẹ́tà Iléyá ọdún yẹn, tó bọ́ sí Dìsẹ́ńbà, Bàbá Òfurufú kọ̀wé pé òun nìkan kírun nínú yàrá, omi àlùwàlá sì dì mọ́ inú garawa. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé ohun tó ń dá lẹ́tà dúró. Àwọn ọ̀gá a máa ka ohun tí ọmọ ogun bá kọ kó tó jáde, kó má baà dárúkọ ibùdó tàbí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó lè ka Àńjẹ̀mí níbẹ̀, nítorí náà yóò wà nílẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni kà á. Ó ní òun yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ airgraph, kí bàbá mú un lọ bá tíṣà. Ìdí rèé tí airgraph wa kò fi ní ju "ara mi le" lọ: ọ̀gá kà á níbẹ̀, tíṣà kà á níbí.

Èsì bàbá àgbà kò gùn: "Kọ ọ́ bí o ṣe ń kọ ọ́. Bó pẹ́, ó pẹ́. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka ọmọ mi fún mi." Bàbá alfa kà á lẹ́ẹ̀kejì láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ìlà yìí gan-an ni ọkùnrin ọlọ́gọ́ta ẹgbẹ̀rún kọ pé, "Ọlọ́run kì í pẹ́."

Bàbá alfa kò dá owó lé mi. Mo fún un ní sárà tó ju ohun tí mo fún ẹni ìṣáájú lọ, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi fún un. Ẹni tó bá ní irú ìwé yìí nílé, kó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kà á ka ewé kan sókè níwájú àgbà ẹbí, kó sì bi í léèrè ọjọ́ oṣù ìsàlẹ̀ ewé, kó tó yọ owó. Fọ́tò ni kó gbé lọ, kó fi ojúlówó sílé.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ jáde, mo tẹ̀ ẹ́ bí ìwé, ẹ̀dà ti kárí àwọn ọmọ ilé. Ewé kan tí tàdáwà ti parẹ́ lára rẹ̀ ló kù, bàbá alfa sì ní kí n gbé e padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn bá mọ́lẹ̀ dáadáa.