Bí a ṣe dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ní Òmù-Àrán

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ìjọ wa níbí, wọn kò dé ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì rí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, aránṣọ, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọ pè wọ́n nítorí pé wọ́n fẹ́ràn Ọlọ́run, wọn kì í sì í pa ìsìn jẹ. A fún wọn ní ìwé ẹ̀kọ́ ọdún, a gbàdúrà lé wọn lórí, ó parí. Ẹlòmíràn ti ń kọ́ kíláàsì kan náà kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ lónìí, kò sì sí ẹni tó tún kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní ohunkóhun láti ìgbà náà.

Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Kristẹni ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé girama. Àjọ TRCN tó ń forúkọ àwa olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ètò tó sọ ọ́ di dandan pé kí olùkọ́ máa kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò kò bá gbọdọ̀ dúró sójú kan, ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún ọmọ yẹn kan náà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ti ká mi lára tipẹ́. Nígbà tí Pásítọ̀ wa wá ní kí n gba iṣẹ́ alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dojú kọ." Wọ́n ní kí n lọ gbé e ka iwájú àwọn alàgbà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àtakò. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ni, pé ìwé àkàjù lè mú kí iná ọkàn ènìyàn kú. N kò bá wọn jiyàn. Mo ní kí a jọ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18, láti ẹsẹ 24. Apollo mọ Ìwé Mímọ́, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ọkàn rẹ̀ sì gbóná nínú Ẹ̀mí. Ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Akuila àti Priskilla gbọ́ ọ, wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa ju bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni tọkọtìyàwó yìí ń ṣe. Wọn kò já a nílẹ̀ ní gbangba, wọn kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé Àkáyà lẹ́yìn náà, ìrànlọ́wọ́ ńlá ló jẹ́ fún àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀. Bàbá yẹn pa Bíbélì wọn dé, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n èmi náà yóò wá jókòó." Wọ́n wá lóòótọ́, wọn kò sì pa á jẹ títí ó fi parí.

Kí n tó ṣètò ohunkóhun, mo ní láti mọ ohun tí àwọn olùkọ́ nílò gan-an. Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo sì ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, kíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn, mo ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Ẹ má fo ibi yìí bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n léèrè lásán ni, wọn ì bá ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé olùkọ́ ń ka ìwé ẹ̀kọ́ jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, Bíbélì wà ní pípadé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí i pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ kò ju "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" lọ, àwọn ọmọ á sì pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni!" láìronú. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún bí ẹni ń wàásù fún àgbàlagbà. Mo tún rí ìfẹ́ àti sùúrù tí ilé ẹ̀kọ́ kankan kò lè fún ènìyàn, mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan irú ètò tí a ó ṣe. Kò sí bí àgbẹ̀ yóò ṣe fi oko sílẹ̀ lọ gbé nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún mẹ́ta. Ìṣòro yìí kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1963, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Presbyterian ní Guatemala, orílẹ̀-èdè kan ní Àárín Amẹ́ríkà, dojú kọ ohun kan náà: àwọn tó ń darí ìjọ ní abúlé ní ìyàwó, ọmọ àti oko, wọn kò lè wá gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì lè wá kì í padà sí abúlé mọ́. James Emery, Ralph Winter àti Ross Kinsler wà lára àwọn tó yí i padà: ẹ̀kọ́ ló ń lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ níbi tó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á kẹ́kọ̀ọ́ nílé, á bá olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé nítòsí, á sì máa lo ohun tó kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí tàn ká ayé, ó dé Áfíríkà náà. Ìlànà yìí ni mo mú, mo sì gé e mọ ìwọ̀n apá wa.

A yan ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí kì í bá ọjọ́ ọjà pàdé, gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì sì ni a ń lò. Owó kò tó nǹkan: ìwé tí a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, báírò, àti búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà tí àwọn ìyá ìjọ ń gbé wá, nítorí oko ni ẹlòmíràn ti ń bọ̀ tààrà. Ìhìnrere Lúùkù nìkan ni a mú fún odindi sáà náà. Ẹnìkan dábàá pé kí a ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. N kò gbà. Ìwé kan tí a kà jinlẹ̀ á kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń ka àwọn yòókù.

Nílé, olúkúlùkù á ka orí tí a yàn lẹ́ẹ̀mẹta, á sì kọ ìdáhùn sí ìbéèrè díẹ̀: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ni wọ́n ń bá sọ ọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Kí ló yà ọ́ lẹ́nu níbẹ̀? Bí a bá pàdé, a kì í pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tó ń gba àkókò wa jù ni pé ẹnìkan á dìde, á kọ́ wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹni pé àwa ni kíláàsì rẹ̀. Bó bá parí, a kì í sọ pé ibí kù díẹ̀ káàtó. Ìbéèrè kan ṣoṣo la gbà kí a dáhùn: "Kí ni o gbọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ kan. Àbúrò kan tó ń ránṣọ ló kọ́ wa ní ìtàn ọmọ onínàákúnàá, Lúùkù 15. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fi ohùn sí i, ó ṣe ìran ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó parí, bàbá àgbẹ̀ kan dáhùn pé, "Àbúrò, ohun tí mo gbọ́ ni pé kí ọmọ má ná owó bàbá rẹ̀ ní ìnákúnàá." Ẹni tó tẹ̀lé wọn náà gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó tún ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé bàbá yẹn sáré." Bàbá àgbẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. "Kí ló wá ń lé bàbá yìí?" Gbogbo wa dá sí i. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti ní kí a padà sí ẹsẹ 1 àti 2, tí a máa ń fò: àwọn Farisí ń kùn pé Jésù ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì ń bá wọn jẹun. Àwọn ni Jésù ń sọ ìtàn fún. Lójijì, ẹ̀gbọ́n tó kọ̀ láti wọlé, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, di ẹni tí gbogbo wa ń wò. Alàgbà wa tó kọ́kọ́ ṣàtakò sọ pé àwọn ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, àwọn kò sì bi ara wọn rí bóyá ẹ̀gbọ́n yẹn wọlé níkẹyìn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àbúrò náà bi kíláàsì rẹ̀ pé kí ló dé tí bàbá náà fi sáré. Ọmọkùnrin kan ní, "Ó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò tó rí i." Èmi tí mo ti ń kọ́ni tipẹ́, n kò ronú kan ìyẹn rí. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò lè jáde láti inú "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan tí a ní, tí kò sì ṣeé fò ní Kwara. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí, nínú agboolé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji, kí àbúrò jẹ́ díákónì. A jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń ṣe Kérésìmesì. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì wa ní bàbá àgbà àti ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn míì sì ń mú ọmọ àbúrò bàbá wọn tí kì í ṣe Kristẹni dání. Kí ni olùkọ́ yóò sọ? A fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan sí i, mo sì gbà pé ó yẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí a dé ni pé kí a kọ́ ọmọ ní ẹni tí Jésù jẹ́ láti inú Bíbélì, ní kíkún, láìbò ó mọ́lẹ̀; kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ ohun búburú níwájú ọmọ. Òfin pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí, inú Bíbélì ló wà. Bàbá kan tí ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ Mùsùlùmí sọ pé ọmọ tó bá délé lọ wí pé olùkọ́ òun bú bàbá àgbà, olùkọ́ yẹn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé náà. Kò sẹ́ni tó ní nǹkan kan láti fi kún un.

Lórí ààbò ọmọdé, a kò jiyàn rárá: àgbàlagbà méjì ni yóò máa wà nínú kíláàsì, ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí, a kò sì gbọdọ̀ na ọmọ kankan.

Mọ́mì kan tí kò mọ̀wé kà ló ń darí kíláàsì àwọn ìyá àgbà. Wọ́n ti fẹ́ yọ ara wọn nínú ètò náà, wọ́n ní ti àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ọmọ wọn bá wọn gba Bíbélì alohùn lédè Yorùbá sórí fóònù, wọ́n sì ń gbọ́ orí tí a yàn bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, wọ́n á gbọ́ ọ títí á fi yé wọn yékéyéké. Nígbà tó kàn wọ́n láti kọ́ wa, wọ́n sọ ìtàn opó àti adájọ́ aláìṣòótọ́ láì wo ibì kankan, wọ́n sì fi ohùn Ìgbómìnà sọ ti opó náà. Nínú gbogbo wa, àwọn nìkan ni kò yọ ohunkóhun sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ní kí a kọ́ àwọn ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ yìí ní Gloucester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1780, àwọn ọmọ òtòṣì tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé ló kó jọ, ìwé kíkà sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wọn. Odindi Bíbélì ti wà lédè wa láti 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ gígùn tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Kò yẹ kí ẹni tó fẹ́ kà á fúnra rẹ̀ má rí ẹni kọ́ òun.

A kò ṣe ìdánwò oníwèé. Èmi àti alàgbà kan tún padà lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ nǹkan sí ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yí padà. Olùkọ́ kan tún ń ka ìwé ẹ̀kọ́ jáde, mo sì ń bá a jókòó lọ́tọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Bíbélì ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ọmọ sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wa fún wọn ní ìwé ẹ̀rí ìjọ níwájú gbogbo ènìyàn, mo sì jẹ́ kó yé wọn pé ti ìjọ ni, kì í ṣe ti yunifásítì.

Àwọn kan fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ó dùn mọ́ mi pé ibi tí wọn yóò lọ kò jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ECWA tó wà ní Ìgbàjà ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọ láti 1941. Ibẹ̀ ni Byang Kato, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ọmọ Kwoi ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì láàárín ọdún 1955 sí 1957, kó tó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn ìjọ ajíhìnrere ní Áfíríkà ní 1973. Ní Ìlọrin, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ UMCA (United Missionary Church of Africa) wà. Ohun tí mo ní kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó san owó fọ́ọ̀mù ni pé: ṣé ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, irú ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n ń gbà wọlé, ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò fúnni, kí sì ni iye owó rẹ̀ lápapọ̀, kì í ṣe ti sáà àkọ́kọ́ nìkan.

Ẹgbẹ́ kejì yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti wa iṣu tán. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ni wọn yóò kà. Àbúrò aránṣọ yẹn ni yóò darí rẹ̀. Olùkọ́ méjì láti ìjọ tó wà ní Òró sì ti ní kí a fi àwọn kún un.