Bí Ayàwòrán Ṣe Lè Wá Fẹ́lóṣíìpù Ìkọ́ni Tó Ní Ìpàtẹ Mùsíọ́ọ̀mù Nínú

Fẹ́lóṣíìpù tó pa ìkọ́ni pọ̀ mọ́ ìpàtẹ ní mùsíọ́ọ̀mù kì í ṣe owó ìrànwọ́ lásán. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń gbé lé ayàwòrán tàbí agbẹ́gilére lọ́wọ́: kó kọ́ kíláàsì kan tàbí méjì láàárín ọdún ẹ̀kọ́, kó sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú méjì fi máa ń wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín. Olùkọ́ ń wá ẹni tó lè dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Kúrétọ̀ tó ń ṣètò ìpàtẹ ń wo ohun tí yóò gbé kọ́ ògiri. Ẹni tó bá bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ tó gbàgbé èkejì, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ máa ń kú sí, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó.

Ẹ ka ìpè náà, ìyẹn ìkéde tí wọ́n fi ń pe àwọn tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wo ẹni tó lè forúkọ sílẹ̀ (àwọn kan ń béèrè MFA, ìyẹn oyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà, tàbí oyè tó bá a dọ́gba, àwọn mìíràn kì í gba ẹni tó ṣì wà nílé ìwé), iye kíláàsì, ohun tí owó náà kárí, àti aago ibi tí wọ́n fi ń ka wákàtí ìparí. Agogo méjìlá òru ọ̀dọ̀ wọn lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọ̀dọ̀ yín. Bí wọ́n bá dárúkọ owó oṣù ṣùgbọ́n tí wọn ò sọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ohun èlò, kíkó iṣẹ́ lọ bọ̀ àti adójútòfò, ẹ fi ímeèlì béèrè. Owó fọ́ọ̀mù kékeré kì í ṣe ohun tuntun. Èyí tó bá ní kí ẹni tí wọ́n ti mú tún sanwó kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ẹ sá fún un.

Àwòrán iṣẹ́ yín

Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, wọn kì í sì í pẹ́ lórí ẹnì kan ní ìpele àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú 10 sí 20 wá, 12 tó dára sàn ju 20 tí mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ àfikún. Èyí tó lágbára jù ni kó ṣáájú.

Ẹ ya wọ́n nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ mìíràn kò ti wọlé: ẹ pa gílóòbù, ẹ ta aṣọ bo fèrèsé. Iná méjì, irú kan náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ní igun 45° sí iṣẹ́ náà. Kámẹ́rà wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), kí àárín lẹ́ńsì bá àárín iṣẹ́ dọ́gba. Bí òkè iṣẹ́ bá fún ju ìsàlẹ̀ lọ nínú fọ́tò, kámẹ́rà ló ń wòkè. Bí ọ̀dà bá ń kọ mànà, ẹ sún iná méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Bí funfun bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ fi káàdì aláwọ̀ eérú tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tó bá wà lábẹ́ gíláàsì, ẹ yọ gíláàsì náà kí ẹ tó yà á.

Ẹ tọ́jú fáìlì ńlá pamọ́, nítorí mùsíọ́ọ̀mù yóò béèrè 300 dpi (iye ẹ̀kán nínú ínǹṣì kan) fún ìwé títẹ̀. Èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́, bí wọn ò bá sọ òmíràn, kó jẹ́ JPEG, nínú ètò àwọ̀ sRGB, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù jẹ́ nǹkan bí 1920 pixel. Ẹ sọ fáìlì lórúkọ láìsí àmì ohùn. Èmi náà mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n ojú òpó kan lè sọ orúkọ yín di àmì ìbéèrè mẹ́fà. Ní ti àkọlé: orúkọ iṣẹ́, ọdún, ohun èlò, ìwọ̀n. Gíga ló ń ṣáájú, ìbú tẹ̀ lé e. 120 × 90 cm àti 90 × 120 cm kì í ṣe iṣẹ́ kan náà lójú ẹni tó ń ro ògiri rẹ̀.

Apá ìkọ́ni

Ojú ìwé kan tó. Ẹ mú ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, kí ẹ tú u palẹ̀. Ká ní kíláàsì wákàtí mẹ́ta ni, lórí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ultramarine (ọ̀dà búlúù), burnt umber (ọ̀dà búráùn tó ṣú) àti ọ̀dà funfun nìkan, yóò sì fi wọ́n po àwọ̀ eérú mẹ́sàn-án, láti orí èyí tó dúdú jù dé èyí tó funfun jù. Ogún ìṣẹ́jú fún ìfihàn, 90 fún iṣẹ́, 15 fún ìsinmi, 40 fún wíwo iṣẹ́ ara wọn kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ lé e, 15 fún ìmọ́tótó. Ẹ sọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí dúdú, wọ́n á da funfun lé e ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ kejì á fò dé ibi tó yẹ kí ìkarùn-ún wà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ po ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ìkẹta àti ìkeje, kí wọ́n tó dí àlàfo tó kù. Adájọ́ tó bá ka irú èyí mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ rí.

Ẹ fi ààbò kún un. Àkísà tó mu òróró linseed, èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró, máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná. Inú agolo onírin tó ní omi àti ìdérí ló yẹ kó wà.

Ẹni tí kò tíì kọ́ni ní yunifásítì rí kò gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ kọ́, kíláàsì ọmọdé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ló kà, tí ẹ bá kọ iye ènìyàn àti bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ńkọ́? Ẹ bẹ àwọn tó máa kọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti rí yín níbi tí ẹ ti ń kọ́ni.

Àbá ìpàtẹ

Ẹ béèrè ìwọ̀n gbọ̀ngàn, kí ẹ yà á sórí ìwé ní 1:50, ìyẹn 2 cm fún mítà kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ògiri mítà 8, iṣẹ́ márùn-ún tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 90 cm, àlàfo 60 cm láàárín wọn: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6.9 m, ó ku 55 cm lápá kọ̀ọ̀kan. Àárín iṣẹ́ sábà máa ń wà ní 145 sí 155 cm láti ilẹ̀. Àbá tó ní ìṣirò yìí nínú kò ní jẹ́ kí kúrétọ̀ máa méfò.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Nǹkan bí 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n ń fún iṣẹ́ orí ìwé àti aṣọ, nǹkan bí 200 fún ọ̀dà olóròóró, nítorí àwọ̀ tó bá ṣá kì í padà. Ẹ má ṣe kọ pé ẹ fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ rekete sórí watercolour. Igi àti aṣọ lè kó kòkòrò wọlé, torí náà mùsíọ́ọ̀mù mìíràn á kọ́kọ́ fi wọ́n sínú fírísà ní −20 °C fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ sọ ohun èlò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí pé gbogbo iṣẹ́ ìpàtẹ ló máa jẹ́ tuntun. Ìkọ́ni máa ń jẹ àkókò ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, ọ̀dà olóròóró tó nípọn sì lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó ṣeé kùn ní varnish ìkẹyìn, ìyẹn ohun aláìláwọ̀ tó ń dáàbò bo ojú iṣẹ́. Èyí tí kò tíì gbẹ, kí nǹkan kan má kan ojú rẹ̀ nínú àpótí: ọ̀rá onípópó (bubble wrap) máa ń tẹ àmì rẹ̀ sára ọ̀dà. Bí iṣẹ́ bá máa sọdá ààlà, pákó àpótí gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15, òfin àgbáyé tó ń dènà kòkòrò inú igi, pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, bíi fífi ooru 56 °C tọ́jú rẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ aṣọ́bodè lè dá a dúró. Plywood, pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, kò nílò rẹ̀.

Nínú ètò ìnáwó, ẹ kọ férémù, àpótí, kíkó lọ àti kíkó bọ̀, ẹ sì fi nǹkan bí 10% lé e fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Adójútòfò tí ẹ máa béèrè ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ látorí ògiri yín tó sì parí sórí ògiri yín. Kí wọ́n tó di iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ gbogbo àbùkù tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin àti mùsíọ́ọ̀mù fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì. Láìsí ìwé yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà pé lójú ọ̀nà ni igun náà ti ya.