Bí mo ṣe ṣe M.Sc. lórí àtọ̀sí ajá láì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀

Súọ́lọ́jì ni mo ti gba M.Sc., ní ẹ̀ka aràn àti kòkòrò àfòmọ́, lórí àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń jẹ́ kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, bí mo ṣe ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní SS1 dé SS3 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kíláàsì yunifásítì kọ́ ló ń dá tíṣà dúró, ìwádìí ni. Ọ̀pọ̀ tíṣà ti yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tán, tí iṣẹ́ ìwádìí wá jókòó sílẹ̀ tí ọdún ń gorí ọdún, nítorí pé àkòrí tí wọ́n mú ń béèrè àkókò tí tíṣà kò ní. Ìdí nìyí tí mo fi wo àkókò mi kí n tó wo àkòrí.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀, púrínsípà fọwọ́ sí i, mo sì dúró gba èsì lórí ìwé kí n tó sanwó fọ́ọ̀mù. Àṣẹ ẹnu kì í wọ fáìlì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí tuntun kún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín, wọ́n á béèrè ìgbà tí ẹ kàwé àti ẹni tó ní kí ẹ lọ. Bí kò bá sí study leave (àyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kàwé), part-time ni kí ẹ mú. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó tún ní lẹ́tà full-time lọ́wọ́ ti fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀sùn sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Transcript, ìwé máàkì yín láti yunifásítì, ló ń pẹ́ jù nínú gbogbo ìwé, torí yunifásítì tí ẹ ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ tààrà sí PG School, ẹ̀ka yunifásítì tó ń rí sí àwọn tó ń ṣe M.Sc. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Ẹni tó ní B.Sc.(Ed), oyè sáyẹ́ǹsì tó ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú, kó kọ́kọ́ lọ bi ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ léèrè, torí ibòmíràn máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe PGD, ìwé ẹ̀rí tó wà láàárín B.Sc. àti M.Sc.

Lẹ́yìn èyí ló kan táìmùtébù. Ẹ bá igbákejì púrínsípà tó ń tò ó sọ̀rọ̀ kí sáà tó wọlé, nítorí tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ̀bẹ̀ lásán ló kù. Ohun tí mo bẹ̀ fún ni pé kí àwọn pírọ́ọ̀dù mi wà ní Mọ́ńdè sí Wẹ́ńẹ́sìdeè, kí práktíkà jẹ́ pírọ́ọ̀dù méjì tó so pọ̀. Mo gba iṣẹ́ àṣesìn àárọ̀ Mọ́ńdè tí kò wu ẹnikẹ́ni láti fi san án. Sáà kejì ni mo fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ pápá. Sáà kẹta kò ṣeé fọkàn sí: WAEC ń lọ lọ́wọ́, práktíkà SS3 sì wà lọ́rùn tíṣà báyọ́lọ́jì.

Ó wá kan àkòrí. Iṣẹ́ DNA dùn létí, àmọ́ ó ń fẹ́ fìríìsà tí iná kì í kú mọ́ lórí, ó sì ń fẹ́ kẹ́míkà tí owó oṣù tíṣà kò ká. Àtọ̀sí ajá kò fẹ́ ju máíkíróskóòpù, sírínjì àti asẹ́ kékeré lọ. Aràn Schistosoma haematobium ló ń fà á. Ìgbín odò tí wọ́n ń pè ní Bulinus ló ń gbé e, ara ẹni tó bá wọnú omi ló sì ń gbà wọlé. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, adágún tí ìdídò Ọ̀yán dá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983, ti jẹ́ kí àrùn yìí di mímọ̀ ní àwọn abúlé etí omi.

Fún iye ọmọ tí ẹ máa yẹ̀ wò, bí kò bá sí ìwádìí àtijọ́ tó sọ iye ẹni tó ní in níbẹ̀, ẹ fi ìdá 50 nínú 100 àti àṣìṣe ìdá 5 sínú fọ́múlà tó ń ṣírò iye ẹni tí ìwádìí nílò, ní ìdánilójú ìdá 95. Èsì rẹ̀ jẹ́ 385. Bí ẹ bá ṣírò pé ìdá 10 kò ní parí, ó di 428. Ẹnì kan pẹ̀lú máíkíróskóòpù kan lè ka ìtọ̀ ọmọ bí 30 lóòjọ́ láì kánjú, nǹkan bí ọjọ́ 15 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, sáà kan gbà á, ó sì tún ku àyè fún òjò àti ìyanṣẹ́lódì.

Ẹ má lo àwọn ọmọ tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́. Ọmọ tí ẹ ń fún ní máàkì kò lè sọ pé òun kò ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀. Fọ́ọ̀mù òbí gbọ́dọ̀ wà ní Yorùbá. Ẹni tí kò lè kọ̀wé á tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí, ọmọ náà yóò sì fúnra rẹ̀ gbà. Láì sí ìwé ìgbìmọ̀ yìí, ẹ má gba ìtọ̀ kankan, torí kò sí bí ẹ ṣe lè padà lọ gba ìwé náà lẹ́yìn iṣẹ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀, nítorí ìgbà náà ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré yí pápá ká díẹ̀ kí wọ́n tó lọ tọ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ pápá fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò ní kíláàsì rárá: wákàtí tí ìtọ̀ wúlò ni wákàtí tí ilé ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ẹyin máa ń sùn sísàlẹ̀ ìgò, nítorí náà ẹ mì í kí ẹ tó fa mílílítà 10 sínú sírínjì. Ẹ tì í gba inú asẹ́ oníhò máíkírọ́ọ̀nù 12 jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹ bá fi ipá tì í, asẹ́ á ya, ẹyin á sì bá omi lọ. Ìtọ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ máa ń dí i. Ẹ lo mílílítà 5, kí ẹ wá sọ iye ẹyin di ìlọ́po méjì. Ẹ gbé asẹ́ sórí slide, dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sábẹ́ máíkíróskóòpù, ẹ kán áyódíìnì kan sí i, kí ẹ sì fi lẹ́ńsì 10 kà á. Ẹyin náà gùn, ẹ̀gún rẹ̀ wà ní ìdí. Bí ẹ̀gún bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, S. mansoni, irú Schistosoma mìíràn, nìyẹn, kí ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹyin 1 sí 49 nínú mílílítà 10 ìtọ̀ jẹ́ díẹ̀. 50 sókè ti wúwo. Ẹni tó ń fọ asẹ́ náílọ́ọ̀nù lò lẹ́ẹ̀kan sí i gbọ́dọ̀ wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù kó tó tún un lò, torí ẹyin ọmọ àná lè wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé kà lọ́jọ́ náà, ẹ fi mílílítà 1 fọ́màlínì, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, sí mílílítà 100 ìtọ̀, kí ẹ gbé e kúrò níbi ìmọ́lẹ̀. Máíkíróskóòpù onídígí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sàn níbẹ̀ ju èyí tó ń dúró de NEPA lọ.

Bí ẹ bá tún ń fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ wá ẹ̀jẹ̀, nǹkan oṣù lè tan yín jẹ nínú àwọn ọmọbìnrin. Obìnrin ni kó bi wọ́n, ní kọ̀rọ̀. Orúkọ àwọn tó ní àrùn náà lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera, tó ń fún wọn ní praziquantel, 40 mg fún kílò kan, lẹ́yìn oúnjẹ. Iṣẹ́ tíṣà kọ́ nìyẹn.

Ibi ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò. Ẹ wo iye ẹyin ọmọ márùn-ún yìí: 4, 6, 9, 12, 800. Mean wọn, ìyẹn àròpọ̀ wọn tí a pín sí márùn-ún, lé ní 166, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tó sún mọ́ 166. Geometric mean, tí a ń fi ìsọdipúpọ̀ wọn ṣírò dípò àròpọ̀, jẹ́ nǹkan bí 18, òun ló bá ọ̀pọ̀ wọn mu. T-test, ìdánwò ìṣirò tó ń fi mean wé mean, kò yẹ iye ẹyin bẹ́ẹ̀. Chi-square, ìdánwò tó ń fi iye ẹni wé iye ẹni, dára fún iye ọmọ tó ní in àti èyí tí kò ní in. R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni.

Orí kẹta ìwé ìwádìí, tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ, ni mo kọ́kọ́ kọ, ní alẹ́ ọjọ́ pápá gan-an, nígbà tí nọ́ńbà ìgò ṣì wà lọ́kàn. Ẹ fún alábòójútó yín ní orí kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń parí. Òdidì ìwé tí ẹ kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà á pẹ́ lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìdánwò ẹnu àti àtúnṣe, ẹ má dúró de ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀: ẹ mú ìwé èsì lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùkọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé àṣẹ ọjọ́sí. Ẹni tí kò sì tíì ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kankan ṣì máa ṣe PGDE, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní oyè, torí M.Sc. Súọ́lọ́jì kì í rọ́pò rẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.