Ẹsẹ̀ ló ń ta wọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ọ̀pá ẹ̀yìn: ìbéèrè àwọn alátọ̀gbẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ádó-Èkìtì, ìbéèrè tí àwọn alátọ̀gbẹ máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀ tí dókítà bá ti kọjá ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú usẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá mi ń ta wọ́n bíi kí wọ́n fi ata rodo pa á, òru ló tún wá ń burú jù, aṣọ ìbora gan-an ò gbọdọ̀ kàn án. Àmọ́ tí mo bá fi èékánná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọ́n á ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Báwo lẹsẹ̀ tó ti kú ṣe tún ń dunni?

Ìdáhùn: Màmá ò parọ́ o, méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn inú ara tó ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀, láti ọmọ ìka ló ti ń bọ̀ títí dé ìbàdí kó tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó fẹ́ẹ̀ tó mítà kan lára àgbàlagbà, èyí tó bá sì gùn jù ni ṣúgà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ látọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì tó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Èyí tó bá ti kú pátá nínú wọn ò ní gbé ìròyìn kankan mọ́. Èyí tó fara pa tí ò tíì kú, òun ló ń pariwo láìnídìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé: ariwo yẹn ò dúró sẹ́sẹ̀. Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn dà bí oníbodè, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo ìròyìn ẹsẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí ọpọlọ, òun ló yẹ kó máa dá èyí tí ò tó nǹkan padà. Tí ariwo bá wá ń dé bá a tọ̀sán tòru fún ọdún méjì mẹ́ta, ara ẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́, aṣọ lásán á kàn án á pè é níná, ọpọlọ tó máa ń ránṣẹ́ sí i látòkè pé kó fara balẹ̀, àṣẹ ìyẹn náà ò ní múlẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2001, àwọn dókítà ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara wo ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn alátọ̀gbẹ, mùdùnmúdùn àwọn tí nẹ́ẹ̀fù ẹsẹ̀ wọn ti bà jẹ́ tín-ín-rín ju tàwọn tí tiwọn ò bà jẹ́ lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ láti ọdún mẹ́ta tí ò yẹ ṣúgà wò lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè: Ìyìn-Èkìtì ni mo wà. Mi ò mutí láyé mi, àmọ́ tí mo bá dìde lóru tí iná ò sí, ńṣe ni mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Tí mo bá di ojú bọ́jú ní balùwẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ ṣubú.

Ìdáhùn: Bàbá, ojú yín ló ń bá ẹsẹ̀ yín ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń sọ fún ọpọlọ pé ẹsẹ̀ wà níbí, ó tẹ ilẹ̀ báyìí. Tí ìròyìn yẹn ò bá dé mọ́, ojú lẹ fi ń dípò ẹ̀, tójú bá wá pa dé tàbí tí òkùnkùn ṣú, ó parí. Ọdún mélòó lẹ ti ń lo Metformin, oògùn ṣúgà yẹn? Mo ń béèrè torí pé tó bá pẹ́ lára, ó lè mú fítámì B12 dín kù, àìtó B12 sì máa ń ba ọ̀nà kan náà yẹn jẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, gbogbo ayé á wá máa di ẹ̀bi ru ṣúgà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún B12. Tó bá jẹ́ òun ni, abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ẹ̀ wà, tí wọ́n bá sì tètè rí i ó máa ń gbọ́ oògùn. Ẹ má dá Metformin dúró fúnra yín o. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé àga sí balùwẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú, ìyá tó bí mi na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, a jọ ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún sókè, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ti lé bí omi inú ọ̀rá, wọ́n ṣì ń wojú mi pé kí ló dé. Oṣù mẹ́rin la fi wẹ egbò yẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá dà báyìí, tó bá dúró síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé n'Íkògòsì, kò ní mọ ẹsẹ̀ tó wà nínú èwo. Ẹlòmíì ni kó bá yín fọwọ́ kan omi ìwẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ Pregabalin fún bàbá mi, mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oògùn wárápá ni wọ́n pè é. Bàbá ò ní wárápá!

Ìdáhùn: Wọn ò ṣe àṣìṣe. Oògùn yẹn ń mú kí ariwo tó ń dé ọ̀dọ̀ oníbodè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dín kù. Duloxetine àti Amitriptyline náà, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí, àwọn yẹn ń ti àṣẹ tó ń ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ bọ̀ lẹ́yìn. Wọn ò wo nẹ́ẹ̀fù sàn o, ìrora ni wọ́n ń bá jà, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Pregabalin máa ń kunni lóorun, kí bàbá má gun ọ̀kadà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n má sì já a dúró lójijì. Tó bá jẹ́ Amitriptyline, tí wọ́n sì ní àìsàn ọkàn tàbí ìtọ̀ wọn ń há, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbé e mì.

Ìbéèrè: Iyán ńkọ́? Ọmọ Èkìtì ni mí.

Ìdáhùn: Mo mọ̀. Òkèlè tó tó ẹ̀ṣẹ́ yín, ẹ̀fọ́ púpọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀rọ yẹn ló máa sọ tiyín fún yín. Tí ṣúgà yín ti ga fún ọdún, ẹ má fi ipá já a wálẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì, ó lè mú kí nẹ́ẹ̀fù tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta gan-an. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú dókítà.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi kàn rọ láàárọ̀ àná, ìtọ̀ ò jáde dáadáa, wọ́n ní ibi táwọn fi ń jókòó ti kú. Ṣé ṣúgà náà ni?

Ìdáhùn: Èyí ò jọ ọ́. Tàtọ̀gbẹ kì í yára báyẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì sábà máa ń mú. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń fún nẹ́ẹ̀fù pa nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, wákàtí ni wọ́n sì fi ń ka ìyẹn. Ẹ gbé wọn lọ sí tíṣìn hósípítù l'Ádó tàbí n'Ídó nísinsìnyí, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníkì.