Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ibi tí Omi Wà ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ bi ẹni tí ọgbà rẹ̀ kú ní Ìlọrin léèrè, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ò dáa. Lóòótọ́, ilẹ̀ yangí wa le, ṣùgbọ́n omi àti ewúrẹ́ ló ń pa ọgbà ju ilẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìparí oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń dá, ó sì lè di oṣù Kẹrin kó tó padà dáadáa. Tí ẹ̀fọ́ bá jìnnà sí kànga, ẹ ó pọn omi dé ìdí rẹ̀ títí di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, á sì sú yín. Nítorí náà, ẹ wá ibi tó sún mọ́ omi, tí oòrùn ń ta sí, kí ẹ sì fi ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí i ká kí ẹ tó fọ́n irúgbìn kankan. Ewúrẹ́ kì í dúró de ọ̀la.

Ẹ má ṣe ebè tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ 4 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà òjò, ẹ gbé e sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kó rì díẹ̀, kí ẹ fi erùpẹ̀ ṣe etí fún un bí etí àwo, kí omi má sá lọ. Omi tí ẹ fi fọ ìrẹsì dára fún un. Omi ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ dà á síbòmíràn.

Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Èmi fúnra mi ti da tútù rẹ̀ sí ebè tẹ̀tẹ̀ rí. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí etí ewé fi ń jó, gbogbo rẹ̀ sì kú. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ fún nǹkan bí oṣù 2, kí ẹ máa yí i. Ìgbà tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti lọ, ó ti jinná.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù síbì kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ ti lè máa já a sínú ọbẹ̀. Èyí tí ẹ bá fà tu láti fún àwọn yòókù láyè, jíjẹ ni. Ṣọkọ náà kò yàtọ̀, àfi pé ó ń pẹ́ díẹ̀.

Ewédú ni wàhálà. Hóró rẹ̀ le, ó lè wà nílẹ̀ kó má hù. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ni pé wọ́n á di í sínú àkísà tó mọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ń hó, wọ́n á ka ení, èjì, títí dé àrún, wọ́n á sì yọ ọ́ sínú omi tútù. Ẹ sá a kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ má kà á kọjá bẹ́ẹ̀ o: ẹ̀ ń jí i ni, ẹ ò sè é.

Ewúro kò fẹ́ irúgbìn. Ẹ gé igi rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀, kí ẹ gún un sílẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ gbin efinrin sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n ní ó ń lé ẹ̀fọn. Ọbẹ̀ ata ni mo ń fi tèmi sè.

Tí ẹ bá ń wá òdòdó, ẹ gbin ìṣápá. Inú oṣù Kẹfà tàbí Keje ni kí ẹ gbìn ín, kí ẹ fi àlàfo ẹsẹ̀ 3 sáàárín. Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú níparí òjò ló máa ń tanná. Òdòdó kan kì í ju ọjọ́ kan lọ kó tó rọ, ṣùgbọ́n èèpo tó nípọn tó yí èso ká ni à ń wá. Ẹ kó o nígbà tó ṣì rọ̀. Funfun ni ti ọbẹ̀ ẹlẹ́gùúsí tí àwọn ará Igbómìnà mọ̀ dáadáa. Pupa ni ti sóbò.

Tí tata bá ń jẹ ewé, ẹ gún ewé dongoyaro, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ wọ́n ọn sórí ewé ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn tí ẹ fi ń pa ẹ̀fọn nínú yàrá kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́ rárá. Ebè tí ẹ bá fẹ́ já lọ́la, ẹ fò ó, kí ẹ wọ́n ti àwọn yòókù.