Bí A Ṣe Ń Ṣí Ihò Balùwẹ̀ Tí Omi Kò Tètè Lọ Mọ́

Bí omi ọlọ́ṣẹ bá ń dá dúró mọ́ ẹni lẹ́sẹ̀ nínú balùwẹ̀, ohun méjì ni ó sábà máa ń fà á ní Àgbádárìgì níbí, àtúnṣe ọ̀kan kò sì wúlò fún èkejì. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí ẹnu ihò tí omi ń gbà lọ, ó sì lè jẹ́ pé sọkawéè, kòtò abẹ́ ilẹ̀ tí omi ìdọ̀tí ilé ń wọ́ sí, ni ó ti kún. Nítorí náà, ibi tí omi ti há ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ da omi sí síǹkì ilé ìdáná, kí ẹ sì fi omi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá ń lọ geere tí ó jẹ́ ti balùwẹ̀ nìkan ni ó ń lọ́ra, ẹnu ihò náà ni ìdọ̀tí wà, ẹ ó sì lè ṣe é fúnra yín. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń lọ́ra, tàbí tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ru padà sí balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá wáyà àti ọṣẹ. Ilẹ̀ wa tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí omi abẹ́ rẹ̀ kò jìn; bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa, omi abẹ́ ilẹ̀ a gòkè dé ibi tí sọkawéè wà, ti inú sọkawéè kò sì ní rí ibi wọ́ sí mọ́. Àwọn tí ń fa sọkawéè ni kí ẹ pè, kí ẹ sì dín omi tí ẹ ń lò kù títí wọn yóò fi dé.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu ihò, ẹ wá ìbọ̀wọ́ rọ́bà, sukudiráfà, iná tọ́ọ̀ṣì, ike kékeré kan, àti wáyà líle tí ó gùn tó apá. Ẹ tú ìdérí ihò náà, kí ẹ sì tan iná sí i. Ohun tí ẹ ó rí kì í dùn ún wò: irun orí, irun àfikún tí ó já bọ́ lára dídì, àti fọ́nrán kànìnkànìn, tí gbogbo wọn ti lọ́ mọ́ra bí okùn, tí èérí ọṣẹ sì ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ eérú.

Ẹ tẹ orí wáyà náà kí ó di ìkọ́ kékeré, ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i, kí ẹ sì fà á jáde. Ẹ má ṣe fi agbára ti ìdọ̀tí náà wọlé, nítorí yóò lọ há sí ibi tí páìpù ti tẹ̀, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ẹ máa fà á títí wáyà yóò fi jáde lásán, kí ẹ sì di irun náà sínú ọ̀rá, kí ẹ jù ú sí pàǹtírí.

Ní ilé tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń ti etí òkun bọ̀, iyanrìn sábà máa ń wà lábẹ́ irun náà. Omi gbígbóná kò lè yọ́ iyanrìn; ẹ fi ike gbọ́n ọn jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi tí ó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, kí ẹ dà á sí i láti fi yọ́ èérí ọṣẹ. Omi híhó máa ń sọ páìpù ike di rírọ̀, ó sì lè tú oríkèé rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ sí i: ó máa ń jó ara, ó sì lè ta sí ojú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni kí a da Hypo, oògùn olómi tí ń sọ aṣọ di funfun, pọ̀ mọ́ áásìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kò fẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i, ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ fún púlọ́ńbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Omi díẹ̀ tí ó kù ní ibi tí páìpù ti tẹ̀ wúlò. Òun ni kì í jẹ́ kí òórùn sọkawéè gòkè wá. Bí balùwẹ̀ bá pẹ́ láìlò, ẹ da omi sí i. Ẹ fi asẹ́ tín-ínrín sábẹ́ ìdérí kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣan ẹsẹ̀ ní ìta. Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì lẹ ìdérí náà pa, nítorí ó yẹ kí ẹ máa ṣí i lóṣooṣù láti yọ irun.